Apá Kóòtù Ni Mo Tẹ̀ Lé, Kì Í Ṣe Èrò

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Afínjú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti gbà fún oògùn? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tuntun ńkọ́, ṣé kì í já òwú bíi ti àtijọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé n kò fèsì lẹ́tà rẹ. Má bínú. Àtìmọ́lé ni mo wà nígbà tó dé. Fara balẹ̀, jókòó, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Mo ti jáde, ara mi le, n ò sì jalè.

O rántí òfin Ọ̀gá wa nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́: iṣẹ́ tí kò bá tíì parí kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá sì ṣèèṣì jáde, kí ẹni tó rán an tẹ̀ lé e dé ibi yòówù tó bá lọ, kó lọ parí rẹ̀. Ìwọ lo máa ń fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Òun gan-an ló gbé mi dé iwájú adájọ́.

Ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ti dákẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì àwọn olómi, wọ́n á ní ká lọ ní sùúrù. Sùúrù náà wá gbẹ bí ẹ̀rọ. Ni Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa, bá kó àdúgbò jọ pé kí gbogbo wa fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, kí àwọn olómi lè rí wa lójúkojú. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Èmi ní tèmi, mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n bá mi kí àwọn olómi. Ìyàwó mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ẹni tí kò ru korobá rí kì í mọ̀ pé omi wúwo. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Tíṣà fẹ́ wọ kóòtù lọ, èmi ni mo sì ń bá a rán an. Apá òsì ti dúró, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún, òwú funfun lásán ni mo fi dì í mú, èyí tí à ń tú kúrò tí a bá ti fi ẹ̀rọ rán aṣọ tán. Mo yà sẹ́yìn ilé díẹ̀. Kí n tó padà dé, Tíṣà ti mú kóòtù lórí ìkọ́, ó ti wọ̀ ọ́, ó ti lọ. Mo sáré bọ́ síta, mo rí i níwájú èrò, ó ń na apá ọ̀tún yẹn gan-an sókè, ó ń pariwo pé, "A fẹ́ omi!" Bó ṣe ń nà án ni mò ń rí òwú tó ń já. Afínjú, ìwọ náà jẹ́ aránṣọ. Ṣé wàá dúró?

Mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú, mo mú àlùmọ́gàjí, mo há àwọn abẹ́rẹ́ olórí roboto sáàárín ètè bí a ṣe máa ń ṣe, mo sáré. Níwájú ọ́fíìsì àwọn olómi ni mo ti bá Tíṣà. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lórí ìdúró. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ń sọ̀rọ̀. Mo mirí pé rárá. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àpéjọ yìí kò gba àṣẹ, kí kálukú máa lọ sílé, ẹni tó bá dúró ti di arúfin. Àwọn ará àdúgbò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà gbọ́ o, etí mi kò di. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi aṣọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ á já bọ́ lójú gbogbo ayé. Mo ní kí n so kókó kan péré. Kókó yẹn ni mò ń so lọ́wọ́ tí wọ́n fi gbé èmi àti Tíṣà sínú ọkọ̀ papọ̀, bí ẹni gbé ewúrẹ́ àti okùn rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnu yà mí. Àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wá, tí wọ́n kó tẹ̀ lé wa, ẹ̀sùn kan ni wọ́n fi kàn wọ́n: pé wọ́n wà níbi àpéjọ tí kò bófin mu, wọ́n sì kọ̀ láti tú ká. Èmi tí n kò bá wọn wá, ẹ̀sùn tèmi di méjì, nítorí wọ́n ní mo gbé ohun ìjà dání. Àlùmọ́gàjí mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ là á yé mi pé kò dìgbà tí èèyàn bá sọ òkò. Bó bá ti wà láàárín èrò, tó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, tí wọ́n ní kó máa lọ tí kò lọ, ó ti dá ọ̀ràn. Ó ní ìjìyà àwọn yòókù lè jẹ́ iṣẹ́ ìlú, bíi kí wọ́n gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni tó gbé ohun ìjà, oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ni. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. N kò ní parọ́ fún ọ, mo sunkún.

Lọ́yà tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ní ọ̀nà kan ló lè yọ mí: kí n fi hàn pé n kò sí pẹ̀lú wọn. Ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí n dáhùn pé oníbàárà mi nìkan ni mo mọ̀. Mo há a sórí bí ọmọ ilé-ìwé.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, agbẹjọ́rò ìjọba gbé fọ́tò kan jáde: èmi rèé, mo di èjìká Tíṣà mú, àlùmọ́gàjí ń kọ mànà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀ṣọ́ Tíṣà ni mí, pé mò ń pariwo pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ní kì í ṣe ẹni tó gbé epo lájà nìkan lolè, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ńkọ́? Ká sòótọ́, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, àfi pé etí ṣòkòtò rẹ̀ ti tú lẹ́yìn, n kò sì lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Lọ́yà wa ní kí wọ́n gbé kóòtù Tíṣà wá. Adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: apá òsì dúró gbọn-in, apá ọ̀tún jẹ́ ìdajì ìránṣọ gidi, ìdajì òwú funfun. Lọ́yà ní kí wọ́n tún wo ẹnu mi nínú fọ́tò, pé abẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀. Ni adájọ́ bá ní kí n há abẹ́rẹ́ sẹ́nu níwájú òun, kí n pariwo pé a fẹ́ omi. Mo gbìyànjú títí, "ùn-ùn-ùn" ló ń jáde. Gbogbo ilé-ẹjọ́ rẹ́rìn-ín, títí kan ọlọ́pàá tó mú mi.

Ọkàn mi ti ń balẹ̀ nígbà tí adájọ́ bi mí bóyá mo mọ àwọn tí a jọ dúró. Mo dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi: oníbàárà mi nìkan ni mo mọ̀. Adájọ́ tọ́ka sí ẹni tó dúró tì mí gbágbáágbá. Ó ní, "Obìnrin yìí ńkọ́?" Mo wo Lọ́yà. Lọ́yà ń wo ilẹ̀. Ìyàwó mi ni, Afínjú. Kí n tó lanu, ó ti dáhùn.

"Kò mọ̀ mí rí, Olúwa mi. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń wá omi ni mo bá wá."

Adájọ́ fi ìwé bojú, mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín. Ó dá mi sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn méjèèjì, ó ní irinṣẹ́ ni àlùmọ́gàjí jẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ó ní wíwà láàárín èrò nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di ọ̀daràn, pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró ti ohun tí èrò náà dúró fún ni òfin ń wá. Àwọn yòókù jẹ̀bi, wọ́n á máa gbá àyíká ilé-ẹjọ́ láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fò sókè. Èmi nìkan ni mo fò.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi ti sọ mí di àlejò. Kò bá mi jà o, ìjà ìbá sàn. Tí mo bá wọlé, á ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, ta ni ẹ̀ ń bá?" Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi lómi wẹ̀, ó ní àwọn tó jẹ̀bi ló ni omi tó wà nílé, kí n lọ béèrè lọ́wọ́ adájọ́ tó dá mi láre. Àwọn ọmọ tí mo bí náà ti ń pè mí ní Bọ̀dá Aránṣọ. Bí àwọn agbálẹ̀ bá ń bọ̀ láàárọ̀, wọ́n á máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹ̀rín á dákẹ́, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á kọjá. Àwọn olómi sì ti rán òṣìṣẹ́ wá báyìí, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ páìpù. Omi á dé láìpẹ́, èmi náà á sì mu nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí jù.

Nítorí náà, lánàá, mo mú ìgbálẹ̀ ilé wa, mo lọ bá wọn. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn dá mi dúró, ó ní ilé-ẹjọ́ ti dá mi sílẹ̀, n kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ni. Ó ní kí n máa lọ sílé. N kò lọ. Ohùn rẹ̀ ti ń le nígbà tí ìyàwó mi na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ewé gbígbẹ pọ̀ sí jù.

"Ẹ jẹ́ kó wá gbá a, sà," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni."

Bá mi kí Màmá, kí o bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù kú iṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí yín.

Èmi ni tìrẹ tí ẹ̀yìn ń dùn,
Amọ̀ọ́rán.