Bàbá Nachin, Tí Wọn Kò Dárúkọ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sá

Ẹ̀bá odò Kerulen ni a ti bí Bàbá Nachin ní ọdún Àgùntàn, nítorí orúkọ ẹranko ni àwa Mongol fi ń pe ọdún. Jebke darandaran ni bàbá wọn, Altani ni ìyá wọn.

Wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Orí ẹṣin ni wọ́n ti kọ́ ọfà títa. Ní ọdún Ẹṣin, wọ́n fẹ́ Khojin, ọmọ ìdílé kan lókè odò. Kò pẹ́ tí ogun Khan, ọba wa, fi pè wọ́n, a sì fi wọ́n ṣe olórí ẹni mẹ́wàá.

Òfin ogun àwa Mongol ni pé bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá sá, ikú ni fún gbogbo wọn.

Ní ọdún Ajá, a dojú kọ àwọn Kipchak. Iṣẹ́ Bàbá àti àwọn ènìyàn wọn ni láti dúró lójú ọ̀tá títí àsíá dúdú yóò fi gòkè. Nígbà náà ni kí wọ́n ṣe bí ẹni ń sá, kí ọ̀tá lè lé wọn bọ́ sáàárín àwọn ọmọ ogun wa tó fara pamọ́ lẹ́yìn òkè. Àsíá kò tíì gòkè tí ọ̀kan nínú wọn fi yí ẹṣin padà. Ó sá lóòótọ́, ó ń ké. Bàbá pàṣẹ kí gbogbo àwọn yòókù sá tẹ̀lé e. Ọ̀tá lé wọn wọ ẹ̀yìn òkè. A ṣẹ́gun.

Ní ìrọ̀lẹ́, olórí ọgọ́rùn-ún pe Bàbá. Ó ní òun kò tíì gbé àsíá sókè. Ó ní òun rí ẹnì kan tó ṣáájú gbogbo wọn jìnnà.

"Ó ń ké bí ọmọ ẹṣin tí kò rí ìyá rẹ̀, Nachin."

"Èmi ni mo ní kó máa ké, Olórí wa."

Olórí mu wàrà ẹṣin ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ó mọ̀ ọ́n ké."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A kò pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́wàá.

Bàbá padà sílé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ ní èjìká. Wọ́n ń sin ẹṣin. Bí a bá ń ṣí lọ sí pápá ìgbà òtútù, ẹṣin Bàbá ni àwọn opó ogun máa ń gùn. Nígbà tí koríko tuntun bá hù, wọ́n a wọ́n wàrà sí Ọ̀run fún àwọn tó kú sójú ogun, ti ọ̀tá pẹ̀lú. Khojin aya wọn ń bi wọ́n títí di ọjọ́ ogbó pé ta ló sá nígbà náà. Ìdáhùn Bàbá kò yí padà:

"Àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la sá."

Wọ́n ti kú, wọ́n fi Khojin sílẹ̀ láyé, àti ọmọ mẹ́ta, Büri, Jirgo àti Sechen, àti ọmọ ọmọ mọ́kànlá. Nínú àwọn mẹ́wàá, àwọn méjì ló kù láyé. Àwọn méjèèjì wá síbi ìsìnkú. Ọ̀kan di ìjánu ẹṣin Bàbá mú. Èkejì ń ké lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ju àwọn ọmọ lọ. A gbé wàrà fún un. A kò bi í ní nǹkan kan.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí koríko tètè hù lórí ibùsùn yín.