Ọwọ́ Ìyá Lórí Èjìká Mi

                                        Ilé Alátẹ̀gùn,
                                        Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ ti fi ọkọ yín sílẹ̀? Èmi àti ọkọ mi wà dáadáa. Ìpara tí ẹ fi ránṣẹ́ fún èjìká mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo dúpẹ́. Ẹ ní kí n dín omi pípọn kù. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe omi.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi, pé kò síbi tí a jọ ń lọ tí wọn kì í gbé ọwọ́ lé mi léjìká? Àwọn aládùúgbò á ní, "Ìyàwó yìí mà ríre o!" Èmi á wolẹ̀, n ó máa rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyá ọkọ mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wá bá wa nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wọ wọ́ọ̀dù ni àwọn máa ń yẹ̀ wò bóyá ó lè ṣubú, kí àwọn lè mọ bí àwọn á ṣe ṣọ́ ọ.

"Màmá, ṣé ẹ ti ṣubú rí?"

"Ṣubú kẹ̀? Ṣé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni mí?"

"Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín?"

"Òòyì ò jẹ́ dán an wò!"

"Ọ̀pá ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń lò ó?"

"Àwọn arúgbó ló ń lo ọ̀pá." Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dàgbà tó wọn ní wọ́ọ̀dù náà!

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n padà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi: "Ìyàwó mi, jẹ́ ká lọ." Mo bọ́ sábẹ́ ọwọ́ wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí a ṣe fẹ́ yí padà, ìka wọn wọ̀ mí lára, gbogbo ara wọn rọ̀ sórí mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyá ọkọ mi ò wo iwájú, wọn ò wẹ̀yìn, èjìká mi ni wọ́n gbójú lé.

Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ṣé ọ̀pá ni mo jẹ́ látọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ń sọ pé Màmá ń rìn bí ọmọge, pé kí wọ́n máa lo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé. Ilé ìtọ̀ sì jìnnà síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwa alábẹ̀wò máa ń lọ sílé. Bí ìtọ̀ bá wá gbọ̀n wọ́n, èjìká ta ni wọ́n máa dì mú?

Ẹ mọ̀ mí, n kì í lahùn níwájú àgbà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a rìn." Ohùn mi ò tó ti ẹ̀fọn. Nọ́ọ̀sì ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ.

Ìyá wò mí. "Ìwọ, ìyàwó yìí?"

Nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n gbéra tìgboyà-tìgboyà. Kò pẹ́ tí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá èjìká nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ wọn sì yẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló gbá wọn mú.

Ó so okùn yẹ́lò mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé wọ́n lè ṣubú. Ó gbé wọn wá sí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ tábìlì rẹ̀, ó sì fún wọn ní aago tí wọ́n á máa tẹ̀ láti pè é kí wọ́n tó dìde. Ìyá kọjú sí ògiri. Mo sunkún délé. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé ìbínú ìyá òun kì í mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọlé, wọ́n pè sí obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì: "Olófòófó mi ti dé!" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ò sì lanu kí n wọ̀ ọ́. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n wá ní, "Mo ṣubú ní balùwẹ̀ kí o tó wọlé wa. N ò sọ fún ọkọ rẹ, kó má baà ní mi ò lè dá yàrá mi gbé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wà ní ìjókòó, wọn ò lọ síbì kankan, ni wọ́n bá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Kò wúwo rárá.

Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ rìn láìlo ọ̀pá bí wọ́n bá délé. Wọ́n ti gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ kan lọ̀pá máa gbà, ìyàwó àwọn ló ni ọwọ́ kejì.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ sì sọ fún ìyá tó bí wa pé ọmọ wọn ti ń lahùn. Bí ìpara yẹn bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ tún fi ránṣẹ́. N ó ṣì nílò rẹ̀.

Èmi tí í ṣe tiyín lọ́jọ́ gbogbo,
Onítìjú yín.