Ìyàwó Mi Gbà Pé Òun Ló Ba Ọkọ̀ Wa Jẹ́

Mo parọ́ fún ìyàwó mi nígbà ìjọba ṣọ́jà, irọ́ náà sì ti bá wa darúgbó. Ẹ dákun, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Nígbà SAP, tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi tí mo jáde yunifásítì, tí gbogbo wọn ń pè ní ọ̀gá. Ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá kan ṣoṣo la ní, òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lóṣooṣù, àwa kan máa ń ṣe autocross nínú ọgbà ilé-iṣẹ́... a ó to garawa ọ̀dà tó ti ṣófo kalẹ̀, oníkálukú á sáré yí wọn ká nínú ọkọ̀ rẹ̀, aago á máa kà á, ẹni tó bá kọ lu garawa ti pàdánù àkókò. Láàárọ̀, èmi àti ìyàwó mi á yọ àga ẹ̀yìn àti sípíà táyà kí ìjàpá wa lè fúyẹ́, a ó fún táyà ní atẹ́gùn, a ó yẹ bíréèkì wò. Háà, ayé dùn nígbà yẹn...

Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi ní eré náà. Mo ní kó má tẹjú mọ́ garawa tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó kàn ni kó máa wò. Ṣé mo mọ̀ pé á mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá wa díje, nínú ọkọ̀ kan náà, èmi ṣáájú, ó tẹ̀lé mi, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin nà mí, kò fara kan garawa kankan! Ẹnì kan pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn, kí Màdámù máa gbé yín wá síbi iṣẹ́!” Èkejì ní, “Ẹ̀yìn wo? Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn, kí ọ̀gá máa fẹsẹ̀ rìn ni!” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi ń jó bí iná. Lóṣù kejì ó tún nà mí... Màdámù nìkan ni wọ́n wá ń béèrè.

Mo lọ bá mẹkáníìkì mi ní Dópẹ̀mú, mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún ìyàwó mi pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, pé bó ṣe ń wà á ló fà á. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn! Mo ta ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní kí n dárí ji òun... mo sì dárí jì í! Ṣé ẹ gbọ́? Mo dárí jì í. Kò di sítíárìn mú mọ́ láti ọjọ́ náà, àní nígbà tí a ra ọkọ̀ mìíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa obìnrin ti òkè òkun dé, ó fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré fún ìyá rẹ̀. Ìyá kọ̀. Ó ní òun ti ba ti Dádì jẹ́ rí, Dádì ò sì bú òun lọ́jọ́ kan, pé irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Ṣùgbọ́n kí n má tún parọ́ fún yín... bí ọmọ ṣe dárúkọ ọkọ̀, mo tún jowú. Ní ọjọ́ orí yìí! Dókítà ti ní kí n má wakọ̀ mọ́ nítorí ojú mi, mo sì ń rò ó pé ìyàwó mi á wá máa gbé mi kiri...

Mẹkáníìkì ti kú, èmi nìkan ló kù tó mọ̀. Orúkọ ọkọ rere tí ìyàwó mi fi ń yangàn yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Sátidé ni ọmọ wa ń padà lọ. Kí ni kí n ṣe? Tó bá jẹ́ ìyá yín ni, ṣé ẹ ó fẹ́ kó mọ̀?