Ìwúkàrà Màmá àti Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná

17, Òpópónà Tōtara,
Raetihi,
New Zealand.
9 Oṣù Kẹjọ, 2019.

Rāhera, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àbí Brisbane ti mú kí wọ́n gbàgbé wa? Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ, yìnyín ló ń bo koríko láràárọ̀. Ara Bàbá le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní kí n fi ìwúkàrà Màmá ṣe rēwena, búrẹ́dì ọ̀dùnkún wa, fún ọjọ́ tí a ó ṣí aṣọ lójú òkúta ibojì wọn, kí n sì bù díẹ̀ fún ọ mú lọ. Rāhera, ìwúkàrà inú ìgò tí Màmá ń bọ́ lójoojúmọ́ ti kú. Ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń kọ ọ́.

O rántí pé nígbà tí àìsàn wọ Màmá léegun, omi gbígbóná nìkan ló ń tù wọ́n lára, ti inú táǹkì kì í sì í pẹ́ tán. Ni Bàbá bá yọ táǹkì, wọ́n ra ẹ̀rọ amómigbóná tí kò ní táǹkì, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri níta. Wiremu púlọ́ḿbà kìlọ̀ fún wọn: "Bàbá, tí iná bá lọ, ẹ ò ní rí omi gbígbóná o. Kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì ń mú móoru náà á tutù." Bàbá ní, "Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ṣàìsàn ni?"

Ká sòótọ́, Màmá gbádùn omi náà. Wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ títí a ó fi máa bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ di ẹja ni. Ìgbádùn náà ò pẹ́ tí wọ́n fi lọ.

Ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù táǹkì yẹn, níbi tí a ti ń gbẹ aṣọ ọmọ, ni ìgò ìwúkàrà ti ń móoru láti ayé Màmá àgbà. Nígbà tí òtútù dé, kò hó mọ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, pàbó ló já sí. Èyí tí Màmá bù fún Àǹtí Maraea ti bàjẹ́ tipẹ́. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwa yìí, àtomi àtagbè ni.

Bàbá ló ń dùn mí jù. Àràárọ̀ ni wọ́n ń da omi ọ̀dùnkún àti ṣúgà sínú ìgò náà. Lánàá mo ṣọkàn gírí, mo ní, "Bàbá, ó ti kú o."

Wọn ò tilẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìyá yín ló ní kí n máa bọ́ ọ. Kò sọ ìgbà tí mo máa dáwọ́ dúró."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o fẹnu kan àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Tí o bá dé, tí o bá Bàbá nídìí ìgò náà, má sọ nǹkan kan. Mú ọ̀bẹ, kó o bá wọn bó ọ̀dùnkún.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Pirihira.