Ohun Tí Màámi Ò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́bọ̀, Conyers

Ohun tí mo rí láàárọ̀: síkáàfù aláwọ̀ ewé tí Màámi fi ń bo ojú iṣẹ́ abẹ tó wà lọ́rùn wọn, ife tíì tí wọn ò fọwọ́ kàn, bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá la fẹ́ lọ gbọ́ bóyá jẹjẹrẹ náà tún wà níbòmíràn.

Fọ́ọ̀mù tí Màámi kọ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ rí dókítà ò kúrò lọ́kàn mi. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti ní jẹjẹrẹ rí, Màámi kọ "rárá." Wọ́n ti jẹ́rìí ìwòsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò ní fẹnu ara àwọn pè é padà. Èmi ni mo sọ fún dókítà pé wọ́n ti yọ kíndìnrín wọn kan. Ìgbà yẹn ni dókítà tó wá a dáadáa, tó rí i pé jẹjẹrẹ kíndìnrín yẹn ló rìn dé táírọ́ìdì, tó di kókó lọ́rùn wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màámi fi ń dá mi lóhùn ṣákálá.

Lónìí, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ti kó o tán. Àyẹ̀wò gbogbo ara ò rí òmíràn.

Nínú mọ́tò, Màámi wò mí. "Fúnkẹ́, o kì í sọ̀rọ̀, àfi ọjọ́ tí o bá fẹ́ tú àṣírí mi."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ta ló ń bínú? Ìwọ ni wàá máa kọ fọ́ọ̀mù mi látòní lọ. Kọ gbogbo ẹ̀."

Wọ́n tú síkáàfù, wọ́n fi nujú, wọ́n sì ń fi ohùn tó ti há látìgbà iṣẹ́ abẹ kọrin títí a fi délé.

Síkáàfù ṣì wà nínú mọ́tò. Wọn ò tíì bèèrè ẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.