Orin Ilé Wa Tí Ọmọ Ọmọ Mi Fẹ́ Fi Gìtá Ta ní Sátidé

Ẹ̀yin tèmi inú page yìí, irọ́ ni mo pa fún ọmọ ọmọ mi, irọ́ náà sì fẹ́ gun orí stage ní Sátidé... Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Hausa, ni mo dàgbà sí, Niger Street níbí, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Ọmọbìnrin yìí ń ta gìtá, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀ o, èyí kò lo iná rárá, èékánná ló fi ń ta á jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ ta orin òyìnbó àtijọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ní hall ṣọ́ọ̀ṣì wa, olùkọ́ orin kan sì ń bọ̀ láti Abuja wá gbọ́ ọ, tó bá wù ú, á gbà á sí school orin. Ló bá bi mí pé ṣé ilé wa náà ní orin àtijọ́. Ọmọ tí mo ń sọ Yorùbá sí, tó ń fi Hausa dá mi lóhùn... ṣé kí n ní a ò ní ni? Mo ní baba ńlá mi kọ ọ̀kan fún ọba ìlú wa, pé bó ṣe kọ ọ́ tán, ẹṣin ọba sunkún. Mo bá kùn ún sí i létí.

Orin wo? Igbe bàbá Hausa tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò Brigade nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni o. "A wasa wuƙa", ìyẹn ẹ jẹ́ ká pọ́n ọ̀bẹ, ohun tó ń ké nìyẹn. Ọmọ yìí tún un ṣe, ó dùn débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ilé wa ló ti wá. Ó ti sọ fún olùkọ́, ìyẹn ní torí orin yẹn gan-an lòun ṣe ń bọ̀.

Lánàá ó ń ta á ní pálọ̀, ọ̀rẹ́ mi Alhaji, télà, wọlé. Èmi àti òun ni a jọ máa ń sáré tẹ̀lé bàbá ọlọ́bẹ yẹn. Ọmọ náà ròyìn ẹṣin ọba fún un. Ó tẹ́tí, ó wò mí, ó ní, "Bàbá ẹlẹ́ṣin, èmi náà ní ọ̀bẹ tó kújú nílé." Kò yé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Alhaji ní iwájú lòun máa jókòó sí, ọ̀rọ̀ kì í sì í dúró lẹ́nu Alhaji.

Tí gbogbo hall bá bú sẹ́rìn-ín ńkọ́? Tí olùkọ́ bá ní ọmọ náà ló purọ́ fún òun ńkọ́? Tí mo bá sì jẹ́wọ́ fún ọmọ náà báyìí, ṣé á tún gba ọ̀rọ̀ ilé kankan gbọ́ lẹ́nu mi? "Ina kwana" ló fi ń kí mi tẹ́lẹ̀. Látìgbà orin yìí, ó ń kúnlẹ̀ ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá"...

Èyí tó burú jù ni pé láàárọ̀ yìí ó ní èmi ni kí n dìde kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí n sì kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Kí n sọ òótọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, àbí kí n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin náà? Ẹ tètè dáhùn o, torí mo ti rí ìlà méjì àkọ́kọ́, ó sì dùn.