Ta Ló Tún Ń Gbé Inú Ilé Náà?

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Oṣù karùn-ún rèé tí pátákó "ilé títà" ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà ládùúgbò, kò sí èyí tí wọ́n tíì yọ. Ọjà ilé kú. Alágbàtà tó ń bá mi tà á — Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é, nítorí ìròyìn burúkú gan-an, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ — ní kí n tún dín iye rẹ̀ kù. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Mo gbà.

Ọmọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Olórí Ìjọba nítorí pé àṣẹ rẹ̀ ni gbogbo wa ń tẹ̀ lé, ti tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe dè mí nílé rẹ̀. Orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Pálọ̀ ni mo ń sùn. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá. Bí ilé yìí ò bá tà kí òtútù tó dé, èmi nìkan náà ni yóò tún bá nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Kò sẹ́ni tó wá.

Àbámẹ́ta, 14

Tọkọtaya kan wá wò ó, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ìyàwó lóyún. Ẹlẹ́rìn-ín kì í jẹ́ kí n wà nínú ilé tí oníbàárà bá dé — ó ní onílé tó bá ń sọ̀rọ̀ ló ń lé ọjà lọ — nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí. Wọ́n fẹ́ràn ibi ìdáná. Wọ́n ní balùwẹ̀ òkè dára, àfi ti ẹ̀rọ omi, tó jẹ́ pé apá òdì ni omi gbígbóná ti ń jáde. Ìyàwó ní ọpẹ́lọpẹ́ bàbá tó wà lókè, tó ní kí àwọn ṣọ́ra kó má bó àwọn lọ́wọ́.

Mo wo Ẹlẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé èmi ni mo yọ́ gòkè lọ bá wọn.

Ó tó oṣù méjì tí mo ti gun òkè gbẹ̀yìn.

Àìkú, 15

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yìí nìkan ni yóò gbọ́.

Àbúrò mi ló so ẹ̀rọ omi yẹn. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n kò síṣẹ́ tí kì í dáwọ́ lé. Nígbà tí mo sọ fún un pé apá òdì ló so ó sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sára ògiri." Àwa méjèèjì la jọ ra ilé yìí, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè òkun. Ìdajì owó tí a kọ́kọ́ san, tirẹ̀ ni. Orúkọ tèmi nìkan ló wọ ìwé ilé. Báńkì wá ní kí ẹni tó bá máa bá mi gbé ibẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà. Àbúrò mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà. Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ìwé báńkì lásán ni, kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé yàrá ẹ̀yìn lókè. Òun ló fi pákó tẹ́lẹ̀ ibẹ̀, òun ló tún òrùlé ṣe. Lọ́jọ́ kan mo ní mo fẹ́ máa kó ìwé mi sí yàrá náà. Ó ní, "Ṣé ilé wa kọ́ ni?" Mo mú ìwé ọjọ́sí jáde. Ó wò ó pẹ́. Kò jà. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Ọdún kejì ló kú, nínú yàrá kan tí òun àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta jọ há mọ́. Mo fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú rẹ̀. Èmi fúnra mi ò lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀.

Iṣẹ́ ò pọ̀.

Ìṣẹ́gun, 24

Tọkọtaya ọjọ́sí ò rà á mọ́. Báńkì ò yá wọn lówó. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Àwọn èèyàn wa ló wá lónìí. Ọkọ ń wa bọ́ọ̀sì, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lọ́yàyà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé bó ṣe ń wọlé: "Ẹ kú ilé o." Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ní ń kí ilé òfìfo?

Nígbà tó jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní ilé náà tu òun lára, pé bàbá òkè sì mọ èèyàn gbà lálejò. "Ẹ káàbọ̀, ẹ rọra gun àtẹ̀gùn," ni wọ́n ní. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn ò kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, kí àwọn má baà yọ wọ́n lẹ́nu.

Wọ́n fẹ́ rà á. Ní iye tí mo pè é, nínú ọjà tó kú tó báyìí. Nọ́ọ̀sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó rí i pé ọwọ́ mi tutù. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọ súẹ́tà."

Ọjọ́ Ajé, 7

Fọ́ọ̀mù dé láti ọ́fíìsì lọ́yà tó ń bá mi ṣe ìwé títà ilé. Ojú ewé mẹ́rìnlá. Ṣé òrùlé ń jò? Ṣé ẹ bá aládùúgbò jà rí? Ojú ewé kẹsàn-án: ta ló tún ń gbé inú ilé náà, tó ti dàgbà tó láti fọwọ́ síwèé?

Mo kọ "kò sí". Mo wò ó títí. Ọwọ́ tó fi ìwé báńkì ìjọ́sí lé àbúrò mi lọ́wọ́ náà ló kọ ọ́. Mo fa ìlà sí i. Mo kọ orúkọ àbúrò mi, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ìyá wa nìkan fi ń pè é. Mo sáré fi í ránṣẹ́ kí n tó yí ọkàn padà.

Ìṣẹ́gun, 8

Lọ́yà pè. Ọmọ tiwa ni, kì í fi òyìnbó dà mí láàmú. Ó bi mí pé ta ni mo kọ síbẹ̀. Mo ní àbúrò mi ni. Ó ní ó dáa, àbúrò mi náà á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á kó jáde, pé àwọn ò ní ẹ̀tọ́ kankan. Òun ń fi ìwé ọ̀hún ránṣẹ́ lọ́la. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ọjà ò ní lè parí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tú mi sílẹ̀: ó ti kú. Dípò rẹ̀, mo ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́.

Olórí Ìjọba gbọ́, inú bí i. "Dádì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi bírò pupa sàmì sí àṣìṣe inú lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín. Ọdún mélòó ni Bàbá Kékeré ti kú? Ẹ pe lọ́yà yẹn. Àbí ẹ ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi ni?" Mo fẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́. Mo ní màá pè é lọ́la.

Ọjọ́rú, 9

Mi ò pè é.

Ìwé náà dé ní aago mẹ́wàá. Mo fi ìdí wọ́ gun òkè, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo, oòrùn kún inú rẹ̀. Mo jókòó sórí pákó. Mo ka ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe nígbà náà. Nígbà tí mo dé ibi "mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé yìí," mo dúró. Mo ní, "Irọ́ nìyẹn. O ní. Ìdajì ni. Má fọwọ́ sí i."

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìwé náà sórí tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, 10

Lọ́yà tètè pè. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. Ó ní kí n má bínú, òun ò ní lè bá ọjà yìí lọ mọ́. Ó ní àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ó ní, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i.

Mo wo orí tábìlì. Ìwé náà wà níbẹ̀.

Mo bi í pé kí ló tún sọ. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti kà á yé àwọn lánàá. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ló ní kí àwọn má fọwọ́ sí i."

Mo bi í pé ibo ló wá gbà lọ.

Ó ní wọ́n ní ilé ni àwọn ń lọ.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.